Ọ̀gá Mo-Ti-Sọ àti Àwọn Bátìrì Fífúyẹ́

Ọ̀gá tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n ó kún. Bí ó bá wọ yàrá, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé ènìyàn mẹ́rin ló wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń retí kí á dìde fún àwọn. Òun ni olórí àwọn ọkọ̀ ìjọba ìlú náà. Ẹ má rò pé ọkọ̀ bọ̀gìnnì ni mo ń wí o. Ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n, àwọn tó ń mu dísù, tí òmíràn nínú wọn ti ń ṣiṣẹ́ kí akọ̀wé tó kéré jù ní ọ́fíìsì náà tó mọ ìrìn. Arúgbó ni wọ́n, ṣùgbọ́n arúgbó tó ṣì lè lọ sóko ni wọ́n. Àwọn ló ń gbé agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì lọ sí àwọn abúlé ẹ̀yìn òkè, àwọn ló sì ń gbé ẹni tí ara rẹ̀ kò dá wá sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá dúró, ẹnìkan wà níbìkan tó ń jẹ̀rora.

Orúkọ ọ̀gá yìí wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó fi kù díẹ̀ kí orúkọ náà yà sára ògiri. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, Mo-Ti-Sọ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìdí ni pé bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè níwájú rẹ̀, á gbọ́wọ́ sókè, á ní, "Mo ti sọ ọ́." Nígbà mìíràn, á wí bẹ́ẹ̀ kó tó sọ ohunkóhun rárá.

Láràárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti kí i. Akọ̀wé Àgbà á ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un, á gba báàgì rẹ̀, á sì fi áńkáṣíìfù ara rẹ̀ nu àga tí ẹnìkan ti nù ṣáájú. Bí ọ̀gá bá ṣe àwàdà, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà ní yàrá kejì, tí kò gbọ́ àwàdà náà, á yíjú sí ògiri, á rẹ́rìn-ín tirẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé ó di kùnrùngbùn. Akọ̀wé Àgbà yìí ni ẹ jọ̀wọ́ fọkàn sí. Ènìyàn dáadáa ni, kò jalè, kò lu ìyàwó, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ti mọ mímì tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń mi orí fún ọ̀gá lórí tẹlifóònù. Òun náà ní ọkọ̀ dísù àtijọ́ kan tirẹ̀. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì, lábẹ́ igi, ló máa ń gbé e sí, kí ọ̀gá má baà rò pé ó ń bá òun díje.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, sítátà àwọn ọkọ̀ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín, nítorí ọ̀gá wa kò jẹ́ kí wọ́n là á fún òun. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní ohun tó ń ṣáná sí epo bíi ti pẹtiróòlù. Atẹ́gùn ló máa ń fún pọ̀ títí atẹ́gùn náà á fi gbóná, tí epo á sì gbiná fúnra rẹ̀. Kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ohun kan tó lágbára gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i. Sítátà ni apá tó ń yí i, bátìrì ni oúnjẹ tí apá náà ń jẹ, wáyà tó so wọ́n pọ̀ sì ni ọ̀nà ọ̀fun. Bí apá bá kéré, kò lè yí i. Bí apá bá tóbi tí ebi ń pa á, kò lè yí i. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá sì tín-ín-rín, oúnjẹ á há síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ló mọ èyí, bí a ti mọ̀ pé òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀.

Wọ́n pe ìpàdé. Bàbá Mẹkáníìkì, ọkùnrin aláriwo kan tó gbà pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ ọkọ̀ láyé yìí lẹ́yìn òun, gbé bátìrì ńlá kan wọlé, ó sọ ọ́ kalẹ̀ gbì lórí tábìlì ọ̀gá tó ń dán. Ó ju wáyà dúdú kan tì í, wáyà náà nípọn bí àtàǹpàkò.

"Kí lèyí?" Ọ̀gá Mo-Ti-Sọ bi í.

"Bátìrì ni, Sà. Irú eléyìí ló yẹ ká rà. Ká ra sítátà tó jẹ́ ti dísù gan-an, ká sì fi wáyà tó nípọn báyìí so wọ́n pọ̀. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ó sì parí."

"Mo ti sọ ọ́," ni ọ̀gá wí, ó sì dìde. "Ẹ̀yin olóyè iṣẹ́ ìjọba, ẹ wá wo ohun tójú mi rí. Ènìyàn ti fò lójú ọ̀run. Ènìyàn ti rìn nísàlẹ̀ òkun. Ní irú àsìkò tó lajú báyìí, wọ́n gbé ọlọ wá síwájú mi, wọ́n ní kí n fi wa ọkọ̀ ìjọba. Ejò dúdú wo sì ni mò ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn?"

"Wáyà ni, Sà."

"Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà lórí àga yìí, ejò kò ní wọ ọkọ̀ ìjọba."

"Ejò ni lóòótọ́, Sà," ni Akọ̀wé Àgbà wí. "Bó ṣe ká sílẹ̀ nì, mo ti ń fura sí i."

Ìgbà náà ni wọ́n pe oníṣòwò kan wọlé, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu-Dídùn. Ó tẹríba títí táì rẹ̀ fi gbálẹ̀. Bátìrì tirẹ̀ kéré, ó pọ́n bí ọsàn. Wáyà rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà, ó sì tín-ín-rín bí okùn bàtà. Sítátà rẹ̀ ń dán bí ife tuntun, àwọn ọkọ̀ pẹtiróòlù kéékèèké tí ń rìn láàárín ìgboro ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹ gbọ́ o, ọkùnrin yìí kò purọ́ kankan. Ó ní bátìrì náà fúyẹ́, ó sì fúyẹ́. Ó ní ó rẹwà, ó sì rẹwà. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó lè yí ẹ́ńjìnnì dísù, òun náà kò sì dáhùn ohun tí a kò bi í. Ẹ má sì fura sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kò fún ọ̀gá ní kọ́bọ̀. Ìyìn nìkan ló fún un, ó sì ti tó.

"Sà," ni Ẹlẹ́nu-Dídùn wí, "ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí bátìrì yìí, mo ní, Ó ti tán, mo ti mọ ẹni tó ni ín. Ó ń tàn. Kì í pariwo. Kò sí èyí tó jọ ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀."

Ọ̀gá Mo-Ti-Sọ fi ọwọ́ kan gbé bátìrì náà sókè bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́.

"Akọ̀wé Àgbà, kí lo rí sí i?"

Akọ̀wé Àgbà gbójú sókè wo àjà. Kò tíì pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ra bátìrì sí ọkọ̀ tirẹ̀, tó jẹ́ pé òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ fà á wọlé, tí ẹ̀yìn sì ń dùn wọ́n di ọjọ́ kejì. "Ọ̀gá mi," ló wí, "ojú mi ò rí irú rẹ̀ rí." Ìyẹn gan-an kì í sì í ṣe irọ́.

Ìyá Agbẹ̀bí, obìnrin kúkúrú kan tó ti gbẹ̀bí ìdajì ìlú náà, ló kù tí kò pàtẹ́wọ́. "Ẹ dákun," ó ní, "tí òtútù bá dé, ṣé nǹkan yìí á lè gbé wa jáde?"

"Ìyá," ni ọ̀gá dá a lóhùn, "ẹ jẹ́ kí ọmọ wà lọ́wọ́ yín, kí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ wa. Mo ti sọ ọ́."

Wọ́n ra gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò, ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta, ọkọ̀ tí wọ́n sì lò ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn bá sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jí. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ lórí èyí títí òjìji igi fi kúrò lọ́tùn-ún bọ́ sí òsì. Ó ní ìgbà tuntun dé. Bàbá Mẹkáníìkì ká wáyà dúdú rẹ̀, ó gbé e sí èjìká, ó sì bínú lọ sílé.

Nígbà tó yá, òtútù dé.

Òtútù kì í ka orúkọ ara ilẹ̀kùn. Òróró inú ẹ́ńjìnnì dì, ó nípọn bí oyin, àwọn apá kéékèèké wọ̀nyí kò sì lè yí i. Láàárọ̀ kùtù, awakọ̀ á yí kọ́kọ́rọ́, sítátà á ní "tẹ", á sì dákẹ́, bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó kọjá agbára rẹ̀. Wáyà wúrà á gbóná, bátìrì á sùn.

Ọlọ́gbọ́n á ní kí wọ́n pe Bàbá Mẹkáníìkì padà. Ọ̀gá Mo-Ti-Sọ ní kí wọ́n pe ìpàdé. Ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, wọn kò gbọdọ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìjọba kankan mọ́, nítorí ohun tí kò bá kú, kò ní í nílò àjíǹde. Gbogbo yàrá kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àwọn ọkọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hó láti àárọ̀ dé alẹ́ nìyẹn. Èéfín wọ ojú fèrèsé, aṣọ funfun tí àwọn aládùúgbò sá di eléèérú, dísù tó yẹ kó tó wọn fún ìgbà pípẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Kódà, ọkọ̀ tó gbé ọ̀gá délé dúró síwájú ilé rẹ̀, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì nígbà tí wọ́n ń jẹun.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ bi í, "ṣé àlejò wà nínú ọkọ̀ yẹn ni? Ẹ ní kó wọlé wá jẹun."

Ọ̀gá bu òkèlè mìíràn. Ó ń ronú àṣẹ kejì.

Àṣẹ kejì ni pé kí wọ́n máa gbé gbogbo ọkọ̀ sí orí òkè tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, kí wọ́n lè máa yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n fi jí. Ìyẹn ṣiṣẹ́ díẹ̀, títí ọkọ̀ kan fi sọ̀kalẹ̀ láìsí awakọ̀ nínú rẹ̀, tó lọ fi imú gún pátákó tí wọ́n ya àwòrán ọ̀gá sí. Àwòrán náà kò sí mọ́ láti ìgbà yẹn, àfi etí kan.

Àṣẹ kẹta ló dára jù. Ọ̀gá rí àwọn akọ̀wé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀, táì wọn ti yí sẹ́yìn ọrùn, ojú sì tì í pé àwọn ará ìlú ń wò wọ́n. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́. A kì í ti ọkọ̀ ìjọba. A máa ń sìn ín sọ́nà ni." Láti ọjọ́ náà ni ó ti di iṣẹ́ gidi. Wọ́n yan àwọn Òṣìṣẹ́ Ìsìnsọ́nà. Bí Ìyá Agbẹ̀bí bá fẹ́ jáde, olùṣírò owó, atẹ̀wé àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì á tò sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á sìn ín sọ́nà títí yóò fi jí, wọ́n á sì padà wọlé bí ẹni tó sá eré ìje.

"Ní ilé bàbá mi," ni Ìyá Agbẹ̀bí ń wí, "àlejò tó bá fẹ́ lọ là ń sìn sọ́nà. Àlejò tí kò lè dìde, ilé ìwòsàn là ń gbé e lọ."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí ìròyìn dé pé Ọ̀gá Pátápátá ń bọ̀ láti olú-ọ́fíìsì. Obìnrin ni, kò gbó lọ títí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun ló sì ń fi irú àwọn Mo-Ti-Sọ sórí àga, tó sì ń gbé wọn kúrò. Ọ̀gá wa múra. Ó ní kí wọ́n da iyanrìn funfun síwájú ọ́fíìsì, kó jìn, kó rọ̀, kí bàtà àlejò má baà kan ilẹ̀ líle. Wọ́n wẹ àwọn ọkọ̀, wọ́n tò wọ́n sórí iyanrìn náà, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn kí wáyà wúrà lè máa tàn, wọ́n sì pa gbogbo ẹ́ńjìnnì kí ariwo má baà bo ọ̀rọ̀ ọ̀gá mọ́lẹ̀.

Àlejò dé, ó jókòó. Ọ̀gá Mo-Ti-Sọ gun orí àpótí.

"Olórí wa, ìyá wa, òṣùmàrè ojú ọ̀run iṣẹ́ ìjọba," ló bẹ̀rẹ̀, "nígbà tí mo gorí àga yìí, mo bá òkùnkùn. Mo wo ọ̀tún, òkùnkùn. Mo wo òsì, òkùnkùn. Mo wá bi ara mi pé, Ìwọ Ọ̀gá yìí, ta ni yóò tan ìmọ́lẹ̀? Mo sì dá ara mi lóhùn."

Akọ̀wé Àgbà pàtẹ́wọ́. Orí àpótí yìí ni ọ̀gá wà, kò tíì kúrò nínú òkùnkùn náà, nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí gba àárín àwọn ènìyàn kọjá, tó gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ forí jì mí," ó ní. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti abúlé ẹ̀yìn òkè. Obìnrin kan ń rọbí, ẹsẹ̀ ọmọ ló ṣáájú. Ọkọ̀ ni mo fẹ́."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi."

"Ọmọ yẹn kò gbọ́ pé ẹ ń sọ̀rọ̀, Sà."

"Ẹ fún un lọ́kọ̀," ni Ọ̀gá Pátápátá wí.

Awakọ̀ àkọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́. Tẹ. Awakọ̀ kejì yí tirẹ̀. Tẹ. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ wí nǹkan kan. Ní ti ẹ̀kẹrin, wáyà wúrà rẹ̀ rú èéfín fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì já. Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìsìnsọ́nà bọ́ kóòtù, wọ́n sáré débẹ̀, wọ́n fi èjìká ti ọ̀kan, ṣùgbọ́n iyanrìn àpọ́nlé ti gbé táyà mì. Bí wọ́n ṣe ń tì í ló ń rì. Àlejò ní kí wọ́n lo ọkọ̀ tòun, ṣùgbọ́n ikùn ọkọ̀ náà sún mọ́ ilẹ̀ púpọ̀, ọ̀nà ẹ̀yìn òkè sì jẹ́ kìkì òkúta. Kò ní dé ìdajì.

Ìyá Agbẹ̀bí yíjú. Kò wo ọ̀gá. Akọ̀wé Àgbà ló ń wò. "Àbúrò," ó rọra wí, "ọkọ̀ tìẹ ńkọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má yára dá ọkùnrin náà lẹ́jọ́. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá kọ̀ tí kò jí, kò sí ohun tó bàjẹ́ fún un. Bí ó bá jí, gbogbo ayé á bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń fi ojú sọ fún un pé kó má dán an wò. Láti ọjọ́ tó ti dé ọ́fíìsì yẹn, ojú yẹn ló ń tẹ̀ lé. Ó ronú kan obìnrin tí kò mọ̀ rí, àti ẹsẹ̀ kékeré tó ṣáájú. Ọrùn rẹ̀, tó ti mọ mímì láti òkè bọ̀ sísàlẹ̀, mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọ̀tún sí òsì.

"Ẹ máa bọ̀, Ìyá," ó ní, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ lápò.

Gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé. Sítátà náà bú ramúramù, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó jí. Wọ́n rí ọkọ̀ àtijọ́ náà tó gba ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì jáde, tí Ìyá Agbẹ̀bí jókòó níwájú, tó di àpò rẹ̀ mú, tí wọ́n sì kọrí sí òkè.

Ọ̀gá Pátápátá kò kúrò lórí àga rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá Mo-Ti-Sọ fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó ní kó sinmi. Gbogbo wọn dúró bẹ́ẹ̀ nínú òtútù, títí ọkọ̀ náà fi padà dé, tí Akọ̀wé Àgbà sọ̀kalẹ̀. Eruku bò ó, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí, nítorí kì í ṣe ọ̀gá ló ń rín in fún.

"Ó bí obìnrin, Mà. Tìyátọmọ wà láàyè. Ìyá Agbẹ̀bí ṣì wà lọ́dọ̀ wọn."

"A dúpẹ́," ni Ọ̀gá Pátápátá wí. "Ní báyìí, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ."

Ó ṣí i. Bátìrì ńlá dúdú ló wà níbẹ̀, àti wáyà tó nípọn bí àtàǹpàkò.

"Ìwọ mọ̀ pé irú eléyìí ló yẹ kí wọ́n rà?"

"Mo mọ̀, Mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó wọ ìpàdé."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

Akọ̀wé Àgbà wo ilẹ̀. "Ẹ̀rù àga mi ló bà mí, Mà. Mo sì ti pàtẹ́wọ́ kí n tó ronú."

Obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì náà dé. Lẹ́yìn náà ló kojú sí gbogbo wọn. "Ta ló tún mọ̀ pé àwọn bátìrì yẹn kò lè yí ẹ́ńjìnnì dísù? Kó nawọ́ sókè. Mi ò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni."

Àwọn awakọ̀ ló kọ́kọ́ nawọ́. Atẹ̀wé nawọ́. Olùṣírò owó nawọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì nawọ́. Ẹni tó ń gbálẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ sí ọwọ́ òsì, ó na ọ̀tún. Kò pẹ́, gbogbo ọwọ́ ti wà lókè bí oko àgbàdo.

Ẹ wá wo ohun tí ìgbéraga lè fi ènìyàn ṣe. Ọ̀gá Mo-Ti-Sọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí i pé ohun kan wà láyé tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí òun nìkan kò mọ̀, àti pé wọ́n ń wo òun. Kò lè fara dà á. Ní orí àpótí níbi tó wà, òun náà na ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó sì nà án kọjá ti gbogbo wọn.

"Ẹ̀yin náà mọ̀?" ni Ọ̀gá Pátápátá bi í.

"Dájúdájú," ni ọ̀gá wí. "Kí ni èmi ò mọ̀?"

"Ẹ mọ̀, ẹ sì rà á."

Ọwọ́ ọ̀gá wà lókè síbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Ìbá gbà pé òun ò mọ̀ ni, bóyá wọn ìbá kìlọ̀ fún un, kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Ìmọ̀ tí kò ní ló gbé e kúrò lórí àga.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, wọ́n ti ránṣẹ́ pe Bàbá Mẹkáníìkì, ẹni tó pariwo títí di ọjọ́ kẹta pé èmi kò ha wí fún yín. Wọ́n tún ọkọ̀ gbogbo ṣe bó ṣe yẹ. Ọ̀gá Pátápátá kò gbé Akọ̀wé Àgbà ga, kò sì lé e. Ó ní kó máa wa Ìyá Agbẹ̀bí kiri títí òtútù yóò fi lọ, kó lè máa rí àwọn tí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ìbá pa. Ọkùnrin náà kò bínú sí i. Ìyá Agbẹ̀bí ní ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá òun jiyàn lójú ọ̀nà, àti pé ara rẹ̀ ń le sí i.

Ní ti Ọ̀gá Mo-Ti-Sọ, ó padà sílé. Fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń sọ̀rọ̀ fún ògiri. Wọ́n ti gba ọkọ̀ ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó kù ò ju ọkọ̀ dísù tí bàbá ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wọn, tó ti ń sùn lẹ́yìn ilé láti ìgbà pípẹ́. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lókèèrè, kò sì sí ohun tí wọ́n máa gbé lọ. Ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ìtajà bátìrì.

"Irú èwo lẹ fẹ́, Bàbá?" ni ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tà á bi í. Kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀gá Mo-Ti-Sọ nà dúró. Ó gba ẹ̀mí wọlé. Ìyàwó rẹ̀ pa ojú ara rẹ̀ dé ní ìmúrasílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà wo pẹpẹ bátìrì láti òkè délẹ̀, èjìká rẹ̀ sì rọ̀.

"Dísù àtijọ́ ni," ó ní. "Ọmọ mi, mi ò mọ èyí tó yẹ ẹ́."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà bi í nípa ẹ́ńjìnnì, ó ṣàlàyé, ó sì mú wáyà tó bá a mu fún un. Ọkùnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá a lẹ́nu, àní ẹ̀ẹ̀mejì ló tiẹ̀ ní kó tún un sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú òtútù tó ń sọ èémí di kùrukùru, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà sì jí lójú ẹsẹ̀. Aládùúgbò kan, tó ti ń bá ọkọ̀ tirẹ̀ jà láti ìgbà tílẹ̀ ti mọ́, sáré wá síbi fèrèsé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ ṣe tó fi tètè dáhùn báyìí?"

Ọ̀gá Mo-Ti-Sọ wúkọ́. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ìyàwó rẹ̀ wà níjòkòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ọ̀nà ló ń wò.

"Ẹnìkan ló kọ́ mi," ni ọkùnrin náà wí, ó sì wa ọkọ̀ lọ kí ẹnu rẹ̀ tó ráyè fi ohun mìíràn kún un.